Àǹtí Dúró-ná ní Ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀

Bí ẹnu bá jẹ́ abẹ, onígbàjámọ̀ yìí ì bá ti fá orí gbogbo àdúgbò rẹ̀ láìdìde lórí ìjókòó. Rédíò ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn oníbàárà ni, nítorí pé láti ìgbà tó bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di ìgbà tí yóò fi tì í, ọ̀rọ̀ kì í gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Yóò sọ ti òjò, yóò sọ ti bọ́ọ̀lù, yóò sọ bí àwọn ọmọ kan ṣe fọ́ dígí ọkọ̀ onílé iwájú. Bí kò bá sí oníbàárà, kílípà rẹ̀ ni yóò máa bá sọ̀rọ̀ bó ṣe ń kán òróró sí i lẹ́nu. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níbi iṣẹ́, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ tòògbé díẹ̀ lórí àga kì í lọ gẹrun lọ́dọ̀ Rédíò.

Rédíò yìí ni Ọlọ́run wá fún ní ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀.

Ọmọbìnrin ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní ọdún mẹ́ta. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é nílé, nítorí pé láti kékeré ni kò ti yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ibi tí wọ́n bá gbé e sí, ibẹ̀ náà ni wọn yóò bá a. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ló máa ń jáde, ọ̀sán á sì ti pọ́n kó tó wọlé, nítorí náà ọ̀dọ̀ bàbá ni ọmọ máa ń wà láti àárọ̀. Nílẹ̀, lábẹ́ dígí ńlá, Jẹ́jẹ́ á kó gbogbo òòyà bàbá rẹ̀ jọ, á tò wọ́n láti orí èyí tó gùn jù dé orí èyí tó kúrú jù, ìlà náà á sì gún bí ẹni pé rúlà ni wọ́n fi fà á. Bí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni bá sún ọ̀kan péré, ẹkún dé nìyẹn. Bí ènìyàn bá pe orúkọ rẹ̀ nígbà mẹ́wàá, kò ní wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fọwọ́ kan àga ńlá tó ń yí, èyí tí oníbàárà ń jókòó lé, kíá ló ti gbójú sókè.

Bàbá àti ìyá fi sùúrù tu ara wọn nínú títí. Wọ́n ní ọmọ míì máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Rédíò tilẹ̀ ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ṣe ni ọmọ òun ń kó ọ̀rọ̀ jọ, pé lọ́jọ́ tó bá tú u sílẹ̀, kálukú yóò wá owú fi dí etí. Àmọ́ nígbà tí ọmọ pé ọdún mẹ́ta tí kò tíì pe ìyá, tí kò pe bàbá, ìyàwó rẹ̀ ní àwàdà yìí tó, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn àwọn ọmọdé. Dókítà yẹ etí rẹ̀ wò, etí dá ṣáká. Ó bá a ṣeré, ó wò ó láti ìwájú, ó wò ó láti ẹ̀yìn, ó bi ìyá ní ìbéèrè rẹpẹtẹ. Nígbà kẹta tí wọ́n padà lọ, ó sọ fún wọn pé ọ́tísíìmù ni orúkọ ohun tó ń ṣe Jẹ́jẹ́. Ó ní kì í ṣe àrùn tí ọmọ kó lára ẹnìkan, kì í sì í ṣe ẹ̀bi bàbá tàbí ti ìyá. Ó ní bí ọpọlọ ọmọ náà ṣe ń gba ayé wọlé ló yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì, pé yóò kọ́ nǹkan dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ni yóò gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ bá a.

Nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n wọ̀ padà sílé, Rédíò kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìyàwó rẹ̀ sọ lẹ́yìn ìgbà náà pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọkọ òun ló dẹ́rù ba òun ju ohun tí dókítà sọ lọ.

Ilé-ìwòsàn ní àwọn yóò rán ẹnìkan wá, obìnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, pé yóò máa wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti lọ́jọ́ Ẹtì. Rédíò palẹ̀ mọ́ dè é. Ó wá tábìlì kékeré, ó wá àga tó bá a mu, ó lẹ àwòrán ábídí mọ́ ògiri, ó gbẹ́ pẹ́ńsù mẹ́ta lẹ́nu títí wọ́n fi mú bí abẹ́rẹ́. Nígbà tí obìnrin náà dé, kò mú ìwé dání, kò gbé àpò kankan. Ọ̀dọ́bìnrin kan ni tí orúnkún ṣòkòtò rẹ̀ ti ṣá nítorí ìkúnlẹ̀. Ó kí wọn dáadáa, ó yin tábìlì náà, ó ní yóò dára fún gbígbé ife tíì lé. Lẹ́yìn náà ló lọ jókòó sílẹ̀ láàrin irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ̀, kò jìnnà sí Jẹ́jẹ́, kò sì sún mọ́ ọn jù.

Kò ṣe nǹkan kan. Bí Jẹ́jẹ́ bá tẹ́ òòyà kan, òun náà á mú ọ̀kan, á tẹ́ ẹ sí ìlà tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Jẹ́jẹ́ tẹ́ òmíràn, òun náà tẹ́ òmíràn. Rédíò ń gẹrun lọ, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò wọ́n, ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, ‘Èyí tí mo rí gbà wá sinmi ni.’

Nígbà tí oníbàárà jáde, obìnrin náà dìde, ó gbọn irun kúrò lára ṣòkòtò.

“Bàbá Jẹ́jẹ́, ẹ má bínú sí mi o,” ló wí. “Láàrin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí mo fi jókòó yìí, ẹ bi ọmọ yín ní ìbéèrè mọ́kànlélógójì. Mo kà á. Gbogbo rẹ̀ pátá lẹ dá ara yín lóhùn.”

Rédíò fẹ́ jiyàn, ṣùgbọ́n bó ṣe lanu báyìí ló rántí. Jẹ́jẹ́, ṣé omi lo fẹ́? Omi ló fẹ́. Omi rèé. Ṣé ooru ń mú ẹ? Ooru ń mú un, ẹ jẹ́ n tan fáànù. Ọmọ kò tíì na ìka, omi ti dé ẹnu rẹ̀.

Obìnrin náà wá ṣàlàyé fún un bí iṣẹ́ ṣe máa rí. Ó ní ibi tí ojú ọmọ bá wà ni ẹ̀kọ́ wà, kí á má fa ọmọ lọ sídìí tábìlì, kí á lọ bá a níbi tó ti ń ṣeré. Kí á sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan tó bá eré náà mu, kí á sì dúró, kí á ka ení dé àrún nínú. Ohunkóhun tó bá ṣe láti fi bèèrè, ìbáà ṣe ojú ló gbé sókè, ìbáà ṣe ọwọ́ ló nà, ìbáà ṣe ohùn lásán tí kò nítumọ̀, kí á fún un ní ohun tó bèèrè náà lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe súìtì, kì í ṣe àtẹ́wọ́. Ó ní bí ọmọ bá ti rí i pé ọ̀rọ̀ ń ṣiṣẹ́, òun náà á fẹ́ lò ó. Lẹ́yìn náà ló bèèrè ohun tí Jẹ́jẹ́ fẹ́ràn jù nínú ṣọ́ọ̀bù. Kí Rédíò tó rò ó, ìka rẹ̀ ti na àga tó ń yí.

Wọ́n gbé ọmọ lé àga. Obìnrin náà di ẹ̀yìn àga mú, ó ní, “Yí,” ó sì yí i. Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tó ń ti inú ikùn wá, tí bàbá rẹ̀ kò gbọ́ rí ju ẹ̀ẹ̀mejì mẹ́ta lọ. Àga dúró. Obìnrin náà kò sọ̀rọ̀, ó kàn tẹjú mọ́ ọmọ pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́. Ení. Èjì. Kó tó kan ẹ̀ta, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu Rédíò: “Ó fẹ́ kí ẹ yí i! Àbí kò rí bẹ́ẹ̀, Jẹ́jẹ́? Ẹ yí i, Àǹtí.”

“Ẹ dúró ná,” ni Àǹtí wí.

Wọ́n tún un ṣe, Rédíò tún dá sí i. Ẹ dúró ná. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n sọ ọ́ fún un kí ọjọ́ náà tó parí. Oníbàárà kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde sí àdúgbò, ká tó ṣẹ́jú pẹ́, Àǹtí Dúró-ná ti di orúkọ obìnrin náà. Kò bínú sí i. Ó ní wọ́n ti sọ òun ní ohun tó burú ju ìyẹn lọ.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wá di iṣẹ́ tuntun fún Rédíò, iṣẹ́ náà sì le ju dídúró látàárọ̀ lọ. Ó gbìyànjú kó bu ètè jẹ, ètè bó. Ó gbìyànjú kó máa wo òkè àjà, ọ̀rọ̀ ń wá a kàn lókè níbẹ̀. Níkẹyìn ló dá ọgbọ́n kan: bí Jẹ́jẹ́ bá ti ń bọ̀ sídìí àga, yóò fi eyín di òòyà mú. Ẹni tó bá ní òòyà lẹ́nu kò lè sọ̀rọ̀ tó yéni. Àwọn oníbàárà rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n ní bátìrì Rédíò ti tán. Ọ̀kan fi àánú bi í bóyá eyín ló ń dùn ún, ó sì júwe oníṣègùn eyín fún un.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ nǹkan, òun náà ló máa ń ṣe é ní àṣejù. Lọ́jọ́rú kan tí oòrùn mú, Rédíò gbé ife omi Jẹ́jẹ́ sórí pẹpẹ tó wà lókè dígí, níbi tí ọmọ ti lè rí i, tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó o. Ó ní, “Omi,” ó sì dúró. Ọmọ wá fà á ní ṣòkòtò. Rédíò kò mira. Ó ń retí kó pe omi. Ó ka ení dé àrún, ó kà á kọjá ogún, ó kà á kọjá ọgọ́ta. Ọmọ bú sẹ́kún, ó wólẹ̀, ó ń gbá iwájú orí mọ́ irin ẹsẹ̀ àga títí ibẹ̀ fi wú. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wá gbé omi náà fún un, kò mu ún. Ó yíjú sí ògiri.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, Rédíò fẹnu ara rẹ̀ ro ẹjọ́ ara rẹ̀. Àǹtí Dúró-ná gbọ́ ọ tán. Kò jágbe mọ́ ọn, ó sì jọ pé ìyẹn gan-an ló dun Rédíò jù.

“Nígbà tó fà yín ní ṣòkòtò, ó ti bèèrè,” ló wí. “Ó bèèrè dáadáa. Àwa la ò gbọ́. Omi, oúnjẹ, kí á gbé e mọ́ra, ìyẹn ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, Bàbá Jẹ́jẹ́, a ò gbọ́dọ̀ fi kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Eré ni ká fi kọ́ ọ.”

Rédíò mú abẹ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko lẹ́yìn ìyẹn, kò fi òòyà sẹ́nu mọ́, kò sì dúró de ọmọ rẹ̀ mọ́. Bó bá ti sún mọ́ àga, á yí i fún un. Bó bá wo ife, á gbé e fún un. Ẹ̀rù ń bà á kó má tún ṣẹ́ ọmọ náà lọ́kàn. Ìyàwó rẹ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ló wò ó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, tó ní, “Ìdí ẹsẹ̀ yín ló ṣì ń wá jókòó sí látàárọ̀. Ọmọ tó bá ń bẹ̀rù yín kò ní wá síbẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó tún bẹ̀rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí ó rọra ṣe é. Bí Jẹ́jẹ́ bá fà á ní ṣòkòtò, ó ti jẹ́ ọ̀rọ̀ lójú rẹ̀, á dáhùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọwọ́ bàbá rẹ̀, á gbé e lé apá àga, á wá dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú rẹ̀ náà wá ń kó ipa tirẹ̀: á wo àga, á wo bàbá rẹ̀ fìrí, bí ẹyẹ tó ṣa ọkà kan tó fò lọ. Nígbà àkọ́kọ́ tí Àǹtí Dúró-ná rí i, ó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré àpò rẹ̀, ó sì fà á nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Oníbàárà kan wà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Akọ̀wé. Akọ̀wé kóòtù ni kó tó fẹ̀yìn tì, a kì í sì í rẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀ bí kò bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, òun náà kì í sì í kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá, ló máa ń wá fá irùngbọ̀n. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó jókòó sórí àga tó ń yí, aṣọ funfun bò ó dé ẹsẹ̀, ìfófòó ọṣẹ wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, wọ́n ti fá ti òsì tán. Rédíò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé abẹ sílẹ̀ kó lè fi omi gbígbóná rin aṣọ ìnura, òòyà sì wà lẹ́nu rẹ̀ nítorí ó ti di bárakú. Ló bá rí Jẹ́jẹ́ tó dìde níbi ìlà òòyà, tó rìn wá, tó sì gbé ọwọ́ lé apá àga.

Ó gbójú sókè wo bàbá rẹ̀. Kò gbé ojú náà kúrò.

Rédíò mọ̀ pé àkókò kọ́ nìyí. Ó mọ̀ pé ó yẹ kó bẹ ọmọ pé kó lọ ṣeré, àgbàlagbà ló wà lórí àga. Ṣùgbọ́n ojú tó ń wò ó yìí, kò rí irú rẹ̀ rí. Ó ka ení. Ó ka èjì. Omi gbígbóná ń kán sórí bàtà rẹ̀. Ó ka ẹ̀ta, ó ka ẹ̀rin. Ẹnu ọmọ náà kó jọ, bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ iná àbẹ́là.

“Yí,” ni Jẹ́jẹ́ wí.

Ohùn rẹ̀ kéré, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ẹni tó ń sùn. Òòyà já bọ́ lẹ́nu Rédíò. Kò gbàyè lọ́wọ́ oníbàárà, kò tilẹ̀ rántí pé oníbàárà wà láyé. Ó gbá apá àga mú, ó sì yí i. Bàbá Akọ̀wé yí po, aṣọ funfun ṣí fẹ́rẹ́ bí agbòòrùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nà síwájú, ó lọ, ó bọ̀, ó sì padà dojú kọ dígí. Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni orí Rédíò ti wálé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí irun, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí Bàbá forí ji òun, pé ọmọ òun ló sọ̀rọ̀, pé kò sọ̀rọ̀ rí. Bàbá Akọ̀wé yọ ìka kan jáde lábẹ́ aṣọ láti fi dá a lẹ́kun.

“Mo gbọ́ ọ,” ló wí. “Dìde. Tún un yí, kí ọmọ má rò pé a ò gbọ́.”

Jẹ́jẹ́ pe “yí” lẹ́ẹ̀mẹrin láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ni wọ́n yí akọ̀wé kóòtù. Ọṣẹ gbẹ mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́, ó di dandan kí wọ́n tún òmíràn pò. Nígbà tó jáde, ó sọ fún àwọn tó bá pàdé pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni òun fi kọ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí sílẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́ kíá tó báyìí.

Rédíò tẹ Àǹtí láago. Ohun tí Àǹtí kọ́kọ́ bèèrè ni ẹni tó wà lórí àga. Nígbà tó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí tí ìpè náà fi já. Ó pè padà, ó sì wí pé bó ṣe rí yẹn ló dára jù, nítorí ọmọ náà kò dúró de àsìkò ẹ̀kọ́, ó bèèrè láàrin ayé gan-an.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ń bọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. “Ṣí” dé, fún ilẹ̀kùn. “Sí i” dé, fún ohun tó bá ṣì ń fẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni “ó tó” dé, èyí tí Jẹ́jẹ́ ń lò bí ariwo kílípà bá pọ̀ jù. Àǹtí Dúró-ná fẹ́ràn “ó tó” ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó ní ọmọ tó lè sọ pé ó tó kò ní láti gbá orí mọ́ irin mọ́, kí wọ́n sì máa bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àwọn yòókù. Rédíò ní òun gbà. Kò mọ̀ pé ó kan òun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń sọ ìtàn gọ́ọ̀lù kan fún ìgbà kẹta, ọmọ rẹ̀ dìde wá bá a, ó tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀, ó ní, “Ó tó.” Oníbàárà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Rédíò dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ní ìlérí ni ìlérí.

Ẹnìkan ṣoṣo ni inú rẹ̀ kò dùn tán. Ìyá Jẹ́jẹ́ á ti ibi iṣẹ́ dé, fúláwà lójú, fúláwà lẹ́yìn etí, á gbọ́ ìròyìn ohun tí ọmọ sọ, á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti wọlé, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ tán. Kò sí “ṣí”, kò sí “yí”, kò sí “ó tó”. Ìyá fara dà á fún oṣù kan. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí Àǹtí ti dìde pé òun ń lọ, ó bá a dé ẹnu ọ̀nà, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ wí pé, “Èmi ni mo gbé e fún oṣù mẹ́sàn-án. Àwọn tó ń wá gẹrun ló ń gbọ́ ohùn rẹ̀.”

Àǹtí padà wọlé, ó jókòó. Ó sọ fún un pé kì í ṣe pé ọmọ náà kọ ìyá rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ Jẹ́jẹ́ ṣì so mọ́ ibi tó ti rí i, bí ọmọ ilé-ìwé tó mọ tíṣà rẹ̀ nínú kíláàsì, tí kò dá a mọ̀ tó bá bá a pàdé níbi tí wọ́n ti ń ta tòmátì. Ó ní kí àwọn wá èyí tó jẹ́ ti ìyá rí. Ó bi í pé kí ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe láìronú.

Ìyá Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín láìfẹ́ rẹ́rìn-ín. “Fúláwà ni. Ta ló sì ń fi ọjọ́ ìsinmi ṣe iṣẹ́ tó ń sá fún?”

Bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe. Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé àkọ́kọ́, ó po fúláwà sórí tábìlì ìdáná, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ń sọ ọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́: “Tẹ̀. Tẹ̀.” Jẹ́jẹ́ fi ìka kan kàn án, ó nu ìka náà mọ́ ara ògiri, ó sì sá jáde. Àǹtí, tó wá nítorí ọjọ́ náà, ṣẹ́jú sí ìyá pé kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ Ajé kejì, ọmọ náà wá jókòó lábẹ́ tábìlì, ó kó àwọn fọ́ọ̀kì inú dúrọ́à jáde, ó ń tò wọ́n. Ìyá rẹ̀ kò gba fọ́ọ̀kì. Ó kúnlẹ̀, ó bọ́ sábẹ́ tábìlì pẹ̀lú fúláwà kékeré kan lọ́wọ́, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà, ó mú fọ́ọ̀kì tirẹ̀, ó ní, “Tẹ̀,” ó sì tẹ̀ ẹ́. Eyín fọ́ọ̀kì fa ìlà mẹ́rin gbọọrọ sára rẹ̀. Jẹ́jẹ́ dorí kodò wo ìlà náà títí. Ó mú fọ́ọ̀kì, ó fa mẹ́rin mìíràn tì í.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ìyá àti ọmọ wà lábẹ́ tábìlì lọ́sàn-án, ẹsẹ̀ wọn wà níta. Gbogbo fúláwà náà ti kún fún ìlà. Ìyá kó o jọ, ó fi ọwọ́ pa á rẹ́ títí ó fi tún ń dán, ó wá gbé e sáàrin àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Òun kò nílò òòyà lẹ́nu. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kò ni ín lára rí. Jẹ́jẹ́ wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ojú rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀ lójú náà, pẹ̀lú fọ́ọ̀kì tó gbé sókè.

“Tẹ̀,” ló wí. Lẹ́yìn náà, bí ẹni tó rántí: “Mọ́mì, tẹ̀.”

Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní “Mọ́mì” náà. Ìyá gbé fúláwà kalẹ̀ kíá, nítorí òfin ni pé lójú ẹsẹ̀ ni kí ọ̀rọ̀ ṣiṣẹ́, ìgbà tí ọmọ ti ń tẹ̀ ẹ́ ló tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ló bá fi fúláwà kun gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Rédíò tó ti ṣọ́ọ̀bù wá mú aṣọ ìnura wà lẹ́nu ọ̀nà ìdáná, ó gbọ́ ọ ketekete. Kò wọlé. Ó rọra fi ẹ̀yìn rìn jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó dúró sídìí okùn aṣọ, ó ń fi ọwọ́ kan àwọn aṣọ ìnura wò bóyá wọ́n ti gbẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí dé ìparí okùn.

Wọ́n yan búrẹ́dì náà. Títẹ̀ ti pọ̀ jù fún un, kò wú rárá, ó pẹlẹbẹ bí ẹ̀yìn ìwé, ìlà fọ́ọ̀kì sì kún ara rẹ̀. Gbígbóná ni wọ́n jẹ ẹ́, ìyá tí búrẹ́dì ti sú ló sì jẹ èyí tó pọ̀ jù.

Jẹ́jẹ́ ti pé ọdún mẹ́rin báyìí. Ọ̀rọ̀ tó mọ̀ ti tó ogójì. Kì í sọ̀rọ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọjọ́ míì sì wà tí kò ní sọ ọ̀kankan, kò sì sí ẹni tó ń fi ìyẹn dá a lẹ́bi. Ó ń lọ sí ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kékeré kan láàárọ̀. Tíṣà ibẹ̀ wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mejì láti wo bí wọ́n ṣe ń dúró dè é. Àǹtí Dúró-ná kì í wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀ méjì mọ́.

Nígbà tó wá kẹ́yìn, ó bẹ Ìyá Jẹ́jẹ́ lọ́wẹ̀. Ó ní obìnrin kan wà tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún nípa ọmọkùnrin rẹ̀, pé obìnrin náà kì í sùn, kì í jẹun, bóyá ó lè bá òun lọ kí i. Rédíò ní òun náà yóò lọ. Ó ti ní ọ̀rọ̀ ìtùnú mẹ́sàn-án nílẹ̀, ó ń tò wọ́n. Ìyàwó rẹ̀ ní kó dúró ná.

Lọ́jọ́ Ajé ló lọ, kò sì dé títí di ìrọ̀lẹ́. Rédíò bi í kí ló bá obìnrin náà sọ.

“Mo bá a fọ abọ́ ni,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Ọmọ rẹ̀ wá dúró tì wá, ó ń wo omi.”